Iléyá Tí Mo Kí Nínú Aṣálẹ̀

Mi ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, nítorí gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń wò mí bí ẹni tó jí ewúrẹ́ aládùúgbò gbé. Fọ́tò kan ṣoṣo ni mo fi ránṣẹ́ sí ìyá mi láti Kútọnu, pẹ̀lú àpò dàbínù kékeré kan. Àwọn méjèèjì yìí ló sọ mí di Alhaji nílùú Ìwó, èmi tí mi ò tíì fojú kan Mẹ́kà rí.

Mo ti lo ọdún mẹ́rin ní Kútọnu nígbà náà. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mò ń ṣe ní Akpakpa, lábẹ́ ọ̀gá kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Rálíà, Nàgó ará Ṣakété, Yorùbá ti ìhà ibẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré níwájú ọkùnrin yẹn, ó ti mọ ohun tó ń ṣe é. Ìgbà ìjọba àwọn kámárádì ni, àwọn ológun tó ní kí gbogbo èèyàn máa pe ara wọn bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo ti Ìwó dé, tí mo rò pé ibikíbi tí Yorùbá bá wà, ilé náà ni, ẹnu yà mí. Bí èèyàn bá gbé tẹlifóònù ní ọ́fíìsì, kò gbọdọ̀ sọ pé "Ẹ̀ló". Yóò kọ́kọ́ fi Faransé béèrè bóyá o ti gbára dì fún ìyípadà, ìwọ náà á dáhùn pé ìjà ń bá a lọ, kí ẹ tó wá sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó tó bímọ. Láàárọ̀ àwọn Sátidé kan, gbogbo àdúgbò ló ń jáde láti gbálẹ̀. Mo gbẹ́ gọ́tà Akpakpa débi pé ó yẹ kí wọ́n fi orúkọ mi sọ ọ̀kan.

Àwọn Fọn ń pè mí ní Anagónù, ìyẹn ará Yorùbá. Àwọn Nàgó tó yẹ kí wọ́n jẹ́ ẹbí mi, ará Náìjíríà ni wọ́n ń pè mí. Ìgbà tí mo sì délé lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, "Ará Kútọnu ti dé o!" Mo bá ara mi ní àárín, bí ẹni tó dúró lórí afárá tí ọkọ̀ ń gba ìhín gba ọ̀hún kọjá lára rẹ̀. Ó dùn mí, mi ò ní parọ́. Àmọ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi èdè Fọn ná ẹja, tí ẹlẹ́ja náà sì bú mi bó ṣe máa ń bú ọmọ ìlú, inú mi dùn gan-an, mo sanwó tán, mo gbàgbé ẹja sílẹ̀.

Tẹlifóònù ló so mí mọ́ ilé. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, bí a bá ti gbẹ́ gọ́tà tán, mo máa ń lọ jókòó sí ilé ìfìwéránṣẹ́ títí wọn á fi pe nọ́ńbà mi. Ní Ìwó, ilé oníkẹ́míìsì tó wà lẹ́bàá agboolé wa ni tẹlifóònù wà, ibẹ̀ ni ìyá mi á ti dúró. Ẹ̀rù máa ń bà mí nínú àpótí tẹlifóònù yẹn. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ẹnìkan ń gbọ́, ẹni tó ń gbọ́ ò sì gbọ́ Yorùbá, ó lè rò pé ohun mìíràn ni mò ń sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ̀rọ̀ kíákíá, tí mo sì máa ń dáhùn kí n tó ronú.

Ohun méjì ni ìyá mi máa ń sọ. Èkíní, ojú rẹ̀ tó ń ṣe bàìbàì. Ó ti tó ọdún méjì tí kùrukùru ti ń bò ó, dókítà ní kò sí ohun tí òun lè ṣe sí i mọ́, yóò máa ṣú lọ díẹ̀díẹ̀ ni. Èkejì, orogún rẹ̀, Ìyá Múfú. Múfú ti lọ Mẹ́kà, ìyá rẹ̀ sì ti di Ìyá Alhaji, iwájú ló ń jókòó sí ní àsàlátù. Ìyá mi kò sọ rí pé ó dun òun. Á kàn ní, "Wọ́n tún ti tẹ́ ẹní fún Ìyá Alhaji."

Bẹ́ẹ̀ ni òyìnbó méjì ṣe wọ gáréèjì wa lọ́jọ́ kan, tọkọtaya, pẹ̀lú jíìpù kan tó ti rìn ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Wọ́n ń wá mẹkáníìkì tí yóò bá wọn lọ sí aṣálẹ̀ tó wà lókè lọ́hùn-ún, ní ilẹ̀ Níjẹ̀ẹ̀, kí ó sì bá wọn padà. Ọ̀gá mi na ìka sí mi.

"Kí ni wọ́n sọ nù síbẹ̀?" ni mo bi í.

"Wọn ò sọ nǹkan kan nù. Wọ́n fẹ́ lọ wò ó ni."

"Wo kí ni?"

"Iyanrìn," ni Bàbá Rálíà wí. "Iyanrìn àti òkúta."

"Ṣé iyanrìn ti tán ní Fidjrossè ni? Ẹ ní kí wọ́n lọ jókòó sétí òkun, kí wọ́n wò ó títí ojú á fi ro wọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Lọ di ẹrù ẹ, jàre. Ojú tí kò rìn, kí ló rí?"

Ẹ̀rín ni tirẹ̀. Èmi ò sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ọkọ̀ bá kú ní Akpakpa, a ó tì í. Bí ó bá kú níbi tí kò sí omi, mẹkáníìkì ló pa gbogbo wọn.

Mi ò ní ka ọ̀nà fún yín. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ibẹ̀ dára. Ó dára débi tó ń bani lẹ́rù. Lórí àpáta pẹlẹbẹ kan, ẹnìkan ti gbẹ́ àgùnfọn méjì sára òkúta, èyí tó tóbi nínú wọn ga ju èmi lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, gbogbo batani ara rẹ̀ pé. Mo wò yíká, mi ò rí koríko kan ṣoṣo. Mo fi Hausa díẹ̀ tí mo kọ́ lọ́jà Ìwó bi afinimọ̀nà wa, bàbá kan tó wé lawàní bo imú, pé kí ni àgùnfọn ń jẹ níbẹ̀. Ó ní igbó ni gbogbo ibẹ̀ jẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo ní, "Igbó wá lọ síbo?" Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo gé e.

Níbòmíràn, ìtì igi ńláńlá dùbúlẹ̀ lórí iyanrìn. Mo ta ọ̀kan nípàá, ẹsẹ̀ mi ló jẹ̀bi. Òkúta ni, láti èèpo dé inú. Ibi kan wà tó jẹ́ pé igi ẹyọ kan péré ló ti wà níbẹ̀ rí fún ìrìn ọjọ́ bíi mélòó kan, àwọn oníràkúnmí ń fi ṣe àmì ọ̀nà, títí awakọ̀ kan fi lọ kọlù ú. Wọ́n ti ri òpó irin síbẹ̀ báyìí. Ẹ gbà mí o! Igi kan nínú gbogbo ayé iyanrìn, ọkọ̀ rí i kọlù! Èmi tí mo mọ àwọn dẹ́rẹ́bà, kò yà mí lẹ́nu.

A rí ràkúnmí tó ń gbé iyọ̀ bọ̀, wọ́n tò bí ìjàlọ, a ka wọn títí ó fi sú wa. A rí òkè iyanrìn tó ń yí àwọ̀ padà bí oòrùn ṣe ń lọ, láti funfun dé àwọ̀ osùn. Inú àwọn òyìnbó ń dùn, wọ́n ń na ọwọ́ síbí síbẹ̀. Wọ́n ń wo òkè, èmi ń wo ìdí ọkọ̀ bóyá ọ́ìlì ń jò. Nígbà tí mo bá gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì dún yàtọ̀, màá ti bẹ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró. Mo ka gbogbo súrà tí mo mọ̀ lórí rádíétọ̀ yẹn.

Iléyá bá wa ní Agadẹ́sì, ìlú kan nínú aṣálẹ̀ náà. Afinimọ̀nà wa yá mi ní agbádá funfun kan, ó bá mi wé lawàní nítorí eruku, a sì lọ sí Yídì. Mọ́ṣáláṣí ìlú náà ní ilé gogoro kan tí wọ́n fi amọ̀ mọ, igi yọ sọsọ ní gbogbo ara rẹ̀ bí ẹ̀gún òòrẹ̀. Lẹ́yìn ìrun, ìyàwó òyìnbó ní kí n dúró síwájú ilé gogoro náà, ó ya fọ́tò mi. Èrò funfun báláú lẹ́yìn mi, ràkúnmí méjì lápá òsì.

Nígbà tí a padà dé Kútọnu tí wọ́n fọ fọ́tò náà, mo kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé: "Ibi tí mo ti kí Iléyá nìyí. Mo ṣe àdúà fún yín gan-an." Mo fi dàbínù tí mo rà níbẹ̀ tì í. Ìyá Sìdí, ọmọ Ìwó tó ń ta aṣọ lọ́jà Tọkpá, tó ń lọ sílé lọ́sẹ̀ méjì méjì, ló bá mi mú un lọ. Ẹ tún ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn fọ́tò yẹn kà. Kí ni irọ́ níbẹ̀?

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n pe nọ́ńbà mi.

"Alhaji! Alhaji mi!"

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, ìyá yín."

Ìyá yín! Ìyá tó bí mi, tó fi pàṣán nà mí nítorí ẹran inú ọbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ń gbọ́ àwọn obìnrin tí wọ́n ń pe "Allāhu Akbar".

"Màámi, kí ló dé?"

"Mi ò rí fọ́tò náà dáadáa, ẹ mọ bí ojú mi ṣe rí. Ṣùgbọ́n gbogbo agboolé ló wò ó. Wọ́n ní funfun ni gbogbo yín, wọ́n ní ẹ wé lawàní. Lèmọ́mù fúnra rẹ̀ ló ka ẹ̀yìn rẹ̀ fún mi. Ẹ lọ Mẹ́kà, ẹ ò tilẹ̀ sọ fún èèyàn!"

"Màámi, ẹ gbọ́ ná..."

"Mo ti pín dàbínù. Mo fún ìyàwó Múfú lẹ́yọ kan, bóyá Ọlọ́run á fún un lọ́mọ. Wọ́n sì ti gbé mi lọ síwájú ní àsàlátù. Mo jókòó ti Ìyá Múfú, èmi àti ẹ̀ lórí ẹní kan náà! Ẹ bá mi ṣe àdúà, Alhaji, kí ojú mi má kú kí n tó rí yín."

Gbogbo àwọn obìnrin yẹn dákẹ́ lọ́hùn-ún. Wọ́n ń retí àdúà mi. Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ti ń kan gíláàsì pé àsìkò mi ti pé.

Mo ní, "Àmín."

Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn. Kì í ṣe fọ́tò, kì í ṣe dàbínù. Àmín yẹn ni.

Láti ọjọ́ náà, ara mi ò lélẹ̀ mọ́. Ẹ mọ ohun tó jẹ́ láti pe ara ẹni ní Alhaji láìlọ? Ní Ìwó, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n á fi kọrin. Bí mo bá sì sọ òótọ́, ìyá mi ni wọ́n á lé dìde kúrò lórí ẹní níṣojú orogún rẹ̀. Oṣooṣù ló ń bẹ̀ mí pé kí n wá kí òun rí mi. "Òjìji lásán ni mò ń rí báyìí," ni ó wí nígbà kan. "Bí ẹ bá pẹ́ sí i, ohùn yín nìkan ni màá mọ̀." Mo ní iṣẹ́ pọ̀. Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Mo ní wọ́n ti bodè. Ibodè ṣí sílẹ̀ gbayawu, Ìyá Sìdí ń gba ibẹ̀ kọjá lọ́sẹ̀ méjì méjì. Ó dáa, irọ́ nìyẹn. Mo ní mi ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo pa ìyẹn.

Kí ni mo fẹ́ wá ṣe nílé? Wọ́n á ti tò sí gáréèjì mọ́tò láti pàdé Alhaji. Àwọn ọmọdé á máa kọrin. Wọ́n á ní kí n sọ bí Káábà ṣe rí. Kí n wá sọ fún wọn pé igi yọ lára rẹ̀ bí òòrẹ̀? Mo ń ronú pé bóyá kí n má padà sí Ìwó mọ́ láéláé. Nígbà náà ni mo wá mọ̀ pé gbogbo ìráhùn mi pé mi ò ní ilé, ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣì ní ilé ni.

Ó tó oṣù méje bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà rékọjá bodè wá bá mi. Oníbàárà Ìyá Sìdí kan tó ti Ìwó dé dúró ní ojú títì Akpakpa lọ́sàn-án gangan, ó kígbe sínú gáréèjì pé, "Alhaji, ẹ kú iṣẹ́ o!" Ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó ń dúró de ọkọ̀ rẹ̀ ni Déléégè, ẹni tí ìjọba fi ṣe olórí àdúgbò wa. Ó gbé ojú sókè.

Lọ́jọ́ kejì ó ránṣẹ́ pè mí. Bàbá Rálíà tẹ̀ lé mi. Mo ń làágùn bí ẹni tí wọ́n da omi lé.

"Kámárádì," ni Déléégè wí, "wọ́n ní o ti lọ Mẹ́kà. Orúkọ àwọn tó lọ wà lọ́wọ́ wa, tìrẹ ò sí níbẹ̀. Àjèjì ni ọ́. Ìwé wo lo fi lọ? Ta ló rán ọ?"

"Mi ò lọ, ọ̀gá. Ìyẹn ni, Kámárádì. Mi ò lọ Mẹ́kà."

"Kí ló dé tí wọ́n ń pè ọ́ ní Alhaji tí o sì ń jẹ́?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti orí dé ìdí, bó ṣe wà nínú mi. Àwọn òyìnbó, agbádá tí mo yá, lawàní, ilé gogoro amọ̀, dàbínù. Bàbá Rálíà ń ṣe ògbufọ̀ rẹ̀ sí èdè Gùn tí Déléégè ń sọ níbi tí Faransé mi bá ti tán. Déléégè wò mí títí. Lẹ́yìn náà ó fún mi ní bébà, ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé mi ò dé Mẹ́kà rí, kí n fọwọ́ sí i. Mo kọ ọ́. Ó ní kí n máa lọ.

Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé gáréèjì, Bàbá Rálíà yíjú sí mi.

"Ìṣẹ́jú mélòó lo fi sọ òótọ́ fún ọkùnrin yẹn?"

Mo ní, "Kò ju márùn-ún lọ, Bàbá."

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

Ojú tì mí débi tí omi fi bọ́ lójú mi níbẹ̀, lẹ́bàá títì, pẹ̀lú ọ́ìlì lọ́wọ́. Ìjọba tí mi ò mọ̀ rí, mo sọ òótọ́ fún un nítorí ìbẹ̀rù. Obìnrin tó bí mi, ó ti ń fi ojú tó ń kú lọ dúró dè mí fún oṣù méje.

"Lọ sọ fún un," ni ọ̀gá mi wí. "Ìtìjú ò pa èèyàn rí. Bí ó bá ń pani ni, èmi ti kú ní Ṣakété."

Sátidé, wọ́n pe nọ́ńbà mi. Ohùn ìyá mi wọlé, àwọn obìnrin wà lẹ́yìn rẹ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Mi ò jẹ́ kí ó kí mi tán.

"Màámi, ẹ dárí jì mí. Mi ò lọ Mẹ́kà. Mi ò dé ibẹ̀ rí. Aṣálẹ̀ ni mo bá àwọn òyìnbó lọ, mo lọ tún ọkọ̀ wọn ṣe. Ibẹ̀ ni Iléyá bá wa. Wọ́n yá mi ní aṣọ ni."

Mo rò pé wáyà ti já.

"Màámi?"

"Ìwọ náà ni o ṣe Àmín lọ́jọ́ yẹn?"

"Èmi ni."

Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ tí ó gbé tẹlifóònù kúrò létí, ohùn rẹ̀ sì le bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. "Ẹ gbọ́ o, gbogbo yín. Ọmọ mi ò lọ Mẹ́kà. Iṣẹ́ ló lọ ṣe ní aṣálẹ̀. Àwa la ò mọ fọ́tò wò."

Ariwo sọ. Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín, mo sì mọ ẹ̀rín náà, ti Ìyá Múfú ni. "Dàbínù wa ńkọ́?" ni ó kígbe. "Èyí tí ìyàwó Múfú ti gbé mì?"

"Ṣé kò dùn ni?" ni ìyá mi fèsì. "Bó bá dùn, kí ló tún kù?"

Ó gbé tẹlifóònù padà sétí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ó dùn mí. Mi ò ní sọ pé kò dùn mí. Ẹní yẹn rọ̀." Ó fa imú. "Ṣé nítorí ẹ̀ ni o ò ṣe wá?"

"Nítorí ẹ̀ ni."

"Òmùgọ̀ ọmọ. Ta ló bi ọ́ léèrè Alhaji? Wá sílé."

Mo wọkọ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Nígbà tí mo dé Ìwó, oòrùn ti rọlẹ̀ díẹ̀. Kò sí ẹni tó tò, kò sí ọmọdé tó kọrin. Ìyá mi nìkan ló jókòó lórí àpótí kan lẹ́bàá ògiri oníkẹ́míìsì, ó kọ ojú sí ọ̀nà, ó sì ń fi ojú wá gbogbo ẹni tó bá kọjá. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, kò mọ ẹni tí mo jẹ́ títí mo fi kí i.

Ó ní kí n dìde, kí n sún mọ́ òun. Mo sún mọ́ ọn. Ó ní kí n tún sún mọ́ òun sí i. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí mi mú, ó fà mí títí iwájú orí mi fi kan tirẹ̀, ó yí ojú mi síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí.

"O ti dúdú," ni ó wí. "Mo rí ọ."